Háàfù Kọ́rẹ́ǹtì àti Fíríìjì Ilé Yín

Ní Jíbówú níhìn-ín, bí iná bá dé tí gílóòbù pọ́n bí ẹyín iná, àti àwọn ará gáréèjì àti àwa tí a ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀, ohun kan náà ni a máa ń wí: “Háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n mú wá.” Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n fólìtì ni ó dín kù.

Ẹ wo táńkì omi. Fólìtì dà bí gíga táńkì, èyí tí ó ń ti omi; kọ́rẹ́ǹtì dà bí omi tí ó ń ṣàn. Alessandro Volta, onímọ̀ físíìsì ará Como ní Ítálì, ni a fi sọ orúkọ fólìtì. Ní ọdún 1800, ó kéde bátìrì àkọ́kọ́: ó to síńkì àti bàbà léra wọn, ó sì fi aṣọ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn. Ní 1881, àpérò àgbáyé kan ní Paris fọwọ́ sí orúkọ náà.

Ní Nàìjíríà, 230 fólìtì ni ó yẹ kí ó wọ ilé wa. Bí ó bá já sí ìdajì, gílóòbù àtijọ́ yóò kàn pọ́n ni. Ti fíríìjì yàtọ̀. Mọ́tò rẹ̀ yóò fẹ́ yí, kò ní í lè yí. Yóò máa fa kọ́rẹ́ǹtì ju bí ó ti yẹ lọ, yóò sì gbóná títí yóò fi jó. Nígbà tí a ń pariwo háàfù kọ́rẹ́ǹtì gan-an ni kọ́rẹ́ǹtì pọ̀ jù nínú mọ́tò!

Tọkọtaya kan ládùúgbò wa, tí ìgbéyàwó wọn kò tí ì pé ọdún kan, pàdánù fíríìjì tuntun báyìí, tẹja tẹran. Ọkọ ní ìyàwó ń ṣí i jù; ìyàwó ní ayédèrú ni ọkọ rà. Ó ku díẹ̀ kí ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí kí oníṣẹ́ fíríìjì tó sọ pé mọ́tò ni iná tí kò tó jó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ilé jọ, gílóòbù ìgbàlódé lè máà pọ́n rárá, nítorí náà ẹ máa wo fáànù. Bí kò bá yára yí, ẹ yọ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù kúrò lára iná. Ẹ ra sìtébíláísà tí agbára rẹ̀ tó, tí ó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí fólìtì bá lọ sílẹ̀ tàbí ga jù.

Kí ẹ sì tó bá ara yín wí, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye fólìtì tí ó wọlé.