Ìyá Ọlọ́jà àti Eré Ìdárayá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi jà lé lórí. Ẹ máa ń sọ pé eré ìdárayá jẹ́ ti ìyàwó olówó tí kò rí nǹkan ṣe; pé ìyá tí ó ń tajà, iṣẹ́ rẹ̀ ti tó o. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, mo sì wí pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ bá mi dé Ọjà Akẹ̀sán, ní iwájú ààfin Aláàfin, ọjà tí iná jó ní oṣù kìíní ọdún 2020 tí ìjọba sì tún kọ́. Ẹ wo ìyá ẹlẹ́lùbọ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ọ̀kadà ni ó gbé e wá ní òwúrọ̀. Alábàárù ni ó ru ẹrù rẹ̀. Orí àpótí ni ó jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀kadà náà ni yóò gbé e padà sílé. Lóòótọ́ ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó rẹ ènìyàn yàtọ̀ sí kí ara ṣiṣẹ́. Ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn láti oko dé ọjà, ó pọn omi, ó gún iyán, ó lọ ata lórí ọlọ. Lónìí ẹ̀rọ ni ó ń lọ ata.

Èdè ni mò ń kọ́, n kì í ṣe oníṣègùn, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn oníṣègùn wí kò fara pamọ́. Ní ọdún 2022, nǹkan bí 2,300,000 obìnrin ni a rí jẹjẹrẹ ọmú lára wọn ní gbogbo ayé. Àrùn náà sì pa nǹkan bí 670,000. Ní ọdún 2014 ni a tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàrin àwọn obìnrin Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti Ùgáńdà: àárín àwọn tí ń mú ara ṣiṣẹ́ jù ni àrùn yìí ti kéré. Èròjà kan wà nínú ara obìnrin tí à ń pè ní ẹ́sítírójìn. Bí ó bá pọ̀ jù fún ọdún púpọ̀, ó lè ran jẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́. Nígbà tí nǹkan oṣù bá sì ti dáwọ́ dúró, inú ọ̀rá ara ni ó ti ń wá jù. Ẹni tí ó ń rìn déédéé, ọ̀rá rẹ̀ kì í tètè pọ̀. Nítorí náà, láti ìgbà tí ọmọbìnrin ti ń fi okùn fò ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi di ìyá àgbà. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 60 ọdún pàápàá yóò jèrè rẹ̀.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tí ó ń bí mi nínú. "Eré ìdárayá" ni à ń pè é nínú ìwé. Eré ọmọdé, eré orí ìtàgé, eré sísá: èwo nínú wọn ni ti ìyá àgbà? Ta ni yóò dojú kọ ìyálọ́jà pé kí ó lọ ṣeré? Orúkọ ti lé wọn sẹ́yìn, ẹ wá ń wí pé wọn kò fẹ́ gbọ́! Ẹ sọ fún wọn pé, "Ìyá, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn." Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa mú ara ṣiṣẹ́ fún 150 ìṣẹ́jú ó kéré tán lọ́sẹ̀; ìrìn kánmọ́kánmọ́ 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ni. Ẹ sọ fún wọn pé ijó wà nínú rẹ̀. A kò tí ì rí àgbà Yorùbá tí ijó bù kù.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Lágbájá kò jókòó rí, jẹjẹrẹ sì mú un." Òótọ́ ni. Ìrìn ń dín ewu kù ni, kò pa á run. Ẹ má ṣe pe ẹni tí àrùn mú ní ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá sì rí kókó ní ọmú, kí ó má fi ìrìn wò ó. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ kíákíá.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ìyá wọ̀nyí ni àgbà Akẹ̀sán. Bí jẹjẹrẹ bá kó wọn lọ, ta ni yóò tún orí ọmọ ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ fi èdè tí wọ́n gbọ́ bá wọn sọ ọ́.