Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Àdúgbò Náà Lúwẹ̀ẹ́ Ní Yunifásítì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ mí lọ́kàn tó àwọn aláṣẹ yunifásítì wa létí.

Èkó tí à ń gbé yìí, omi ló yí i ká. Ọ̀sà wà, òkun wà, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó èrò láti Ìkòròdú wọ Èkó. Síbẹ̀, ẹ ṣa ọmọ mẹ́wàá jọ ní Ayọ̀bọ̀ tàbí Ìpájà, bóyá lẹ ó rí ẹyọ kan tó lè lúwẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ àti Ègùn ní Mákòókò kò ní ìṣòro yìí. Àwa ará orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ẹ̀rù omi ń bà.

Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rí. Pápá ìṣeré Sùúrùlérè, tí wọ́n kọ́ ní 1972 de ìdíje gbogbo Áfíríkà ti January 1973, ní tirẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pa pápá náà tì. Ní March 2022, Yunifásítì Èkó ní Akọka gba àlejò ìdíje NUGA. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú ìdíje báyìí bá parí, ta ló kù tó ń lo ohun tí wọ́n tún ṣe?

Ẹlòmíràn á ní kí ni èrè lílọ-bíbọ̀ nínú omi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ ńlá ni. Mímí ni gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tó bá gbé orí sókè bí ajá tó ń sọdá odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rì, á sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé àárín. Inú omi ni kó ti máa mí síta, kó wá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fa afẹ́fẹ́. Láti itan ni kó ti máa ju ẹsẹ̀, kì í ṣe láti orúnkún. Ìlà dúdú tó wà nísàlẹ̀ ni kó máa wò, kó má baà yà bàrá. Bí ẹni méjì bá pín ojú ọ̀nà kan, kálukú á tọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, bí mọ́tò ti ń ṣe nílẹ̀ wa láti 1972 (ká ní àwọn awakọ̀ ọ̀nà Ìpájà ń ṣe bẹ́ẹ̀!). Bó bá rẹ èèyàn, igun ògiri ni kó dúró sí, kó má dí ẹni tó fẹ́ yí padà. Ẹni tó bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú adágún oní mítà 50 ti lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà kan gbáko.

Wọ́n á ní owó oògùn omi àti dísẹ̀ẹ̀lì ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí ará àdúgbò wọlé, kí wọ́n sì máa san nǹkan.

Láti 2016 ni Ayọ̀bọ̀ náà ti di ìlú yunifásítì, nígbà tí ìjọba fún Anchor University níwèé àṣẹ. Mo ń bẹ àwọn aláṣẹ rẹ̀, àti ti LASU ní Ọ̀jọ́, pé kí wọ́n fi ìlúwẹ̀ẹ́ ọmọ àdúgbò sínú ètò wọn. Ọmọ ogún péré lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọṣẹ́ àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ omi. Owó tèmi ti wà nílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òbí kan,
Ayọ̀bọ̀.