Omi Inú Oko Ìrẹsì

Ẹ̀yin ará wa ní Nichelino, ẹ mọ àwọn oko àlìkámà tó yí ààfin Stupinigi ká. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Turin lọ sí Milan lóṣù Karùn-ún, ẹ wo ojú fèrèsé bí ẹ bá ti dé agbègbè Vercelli àti Novara. Omi ló bo ilẹ̀ lọ súà. Ìrẹsì ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Nǹkan bí ìdajì ìrẹsì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń gbìn, Ítálì ló ti ń wá.

Omi yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bó bá pẹ́ lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé mọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nísàlẹ̀ á sì máa tú gáàsì methane sílẹ̀. Láàárín 100 ọdún, gáàsì yìí ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide lọ ní ìlọ́po 25 ó lé. Bí àgbẹ̀ bá ń fa omi kúrò fún ọjọ́ mélòó kan, tó sì tún ń dá a padà, methane náà lè dín kù tó ìdajì.

Àwọn àgbẹ̀ mìíràn ń fúnrúgbìn sílẹ̀ gbígbẹ, ó di oṣù Kẹfà kí wọ́n tó já omi wọlé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Omi tí àwọn yòókù ń dà sóko lóṣù Kẹrin máa ń rì sábẹ́ ilẹ̀, á sì sun jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fún àwọn tó ń dáko nísàlẹ̀. Bí gbogbo wọn bá dúró di oṣù Kẹfà, lẹ́ẹ̀kan náà ni wọn yóò máa du omi. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 2022 fi ohun tó lè ṣẹlẹ̀ hàn wá ní odò Po: ìjọba Ítálì kéde pàjáwìrì ní ẹkùn márùn-ún lóṣù Keje, Piedmont sì wà lára wọn. Nítorí náà, èmi kò fara mọ́ kí ẹnì kan fi oko rẹ̀ sílẹ̀ ní gbígbẹ láìbá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ìjọba tó bá sì fẹ́ kí methane dín kù, kó san owó iṣẹ́ tó bá a rìn fún àgbẹ̀.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà tiwa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, òjò ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ gbójú lé lórí ilẹ̀ gíga, methane rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìkórè rẹ̀ ló kéré, ìdí nìyẹn tí ìjọba nílé fi ń fẹ́ oko olómi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò irú oko bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ojú ọ̀nà tí omi yóò máa gbà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣí i.