Gbèsè, Ìdájọ́ àti Ilé Ẹni

Ó wọ́pọ̀ láti gbọ́ kí ẹnìkan wí pé, "Kí wọn lọ sí kóòtù, ta ni í fi ilé san gbèsè?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òtítọ́, ó sì ti sọ onílé di ayálégbé. Àwọn ẹlòmíràn rò pé bí adájọ́ bá ti dá ẹjọ́ tán, ilé ti bọ́ lọ́wọ́ onígbèsè ní ọjọ́ náà gan-an. Èyí pẹ̀lú kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ayé àwọn baba wa, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ológò ni a ń rán sí ẹni tí ó bá kọ̀ láti san gbèsè. Yóò jókòó tì í nínú ilé rẹ̀, yóò máa pa adìẹ àti ewúrẹ́ tí ó bá rí jẹ, títí ariwo àwọn ará ilé yóò fi mú kí a wá owó náà.

Òfin gbígba owó ìdájọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1945, tí a sì ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ títí di òní, bá èyí mu ní ọ̀nà kan: ohun tí ó ṣeé gbé ni a ó kọ́kọ́ mú. Bí ọkọ̀ àti ọjà onígbèsè bá tó owó náà, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé tàbí ilẹ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá tó, tàbí bí a bá wá wọn tì, ẹni tí a jẹ ní gbèsè lè padà tọ kóòtù lọ láti tọrọ àṣẹ lórí ilé. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, bí a bá ti kọ ìdájọ́ sínú ìwé ìjọba ní àgbègbè tí ilẹ̀ wà, ó ti di ẹrù lórí ilẹ̀ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, àṣẹ kejì yìí ni ó dúró láàárín ìdájọ́ àti ilé, èmi sì kà á sí àánú ńlá. Ṣùgbọ́n àkókò yìí gan-an ni àwọn ènìyàn ń sá! Wọn a ti ìlẹ̀kùn mọ́ akódà, nígbà tí ó yẹ kí wọn lọ bẹ kóòtù kí ó jẹ́ kí wọn máa san owó náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn a sáré kọ ilé náà fún ọmọ wọn. Kóòtù lè sọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ di asán.

Bí a bá ti ta ilé ní gbàǹjo, ọjọ́ 21 ni ó kù. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ẹni tí ó rí àìtọ́ ńlá nínú títà náà lè bẹ kóòtù kí ó yí i padà, bí ó bá lè fi hàn pé àìtọ́ náà pa òun lára ní tòótọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, títà náà dúró, kóòtù yóò sì fún olùrà ní ìwé ẹ̀rí.

Ilẹ̀ ẹbí ni ó ń dá ìjà tí ó le jù sílẹ̀. Ilẹ̀ tí baba fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ kì í ṣe ti ẹnìkan, a kò sì lè tà á nítorí gbèsè tí ọmọ kan dá jẹ. (Bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà bá jọ jẹ gbèsè ní orúkọ ẹbí, ọ̀rọ̀ yí padà.) Nítorí náà, bí akódà bá lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé baba yín, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì ṣe dákẹ́. Kí olórí ẹbí kọ ìwé sí kóòtù kíákíá pé ti ẹbí ni ilé náà, kí a lè gbọ́ ẹjọ́ yín kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé. Mo ti rí ẹbí tí ó bínú sí onígbèsè tó bẹ́ẹ̀ tí wọn fi ń wò ó níran, bí ẹni pé òrùlé ẹlòmíràn ni a fẹ́ tà.

Kí olùrà pẹ̀lú ṣọ́ra. Ẹ̀tọ́ tí onígbèsè ní nìkan ni gbàǹjo lè gbé fún un. Bí onígbèsè kò bá ní nǹkan kan níbẹ̀, òfo ni ó rà. Kí ó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà, kí owó tó kúrò lápò rẹ̀.