Jẹ́lé-ó-sinmi: Ilé Ń Sinmi, Ọkàn Ọmọ Ńkọ́?

Orúkọ tí Yorùbá fún ibi tí à ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ ní òwúrọ̀, jẹ́lé-ó-sinmi, sọ ohun tí àgbàlagbà ń wá níbẹ̀. Ilé ni ó fẹ́ sinmi. Ìyá fẹ́ ráyè tajà, bàbá fẹ́ ráyè lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Ní ọjà Jàǹkárà, níbi tí àwọn ìyá ti ń pàtẹ ewé àti egbò, ìlẹ̀kẹ̀ àti àdìrẹ, ọmọ tó ti ń sáré kiri kò ṣeé fi sílẹ̀ láàrin alárù àti ọkọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìbéèrè tó kù ni pé: irú ọwọ́ wo?

Ẹ wo bí ìpínyà òwúrọ̀ ṣe sábà máa ń rí. Ìyá á fi bisikíìtì tan ọmọ, á sì yọ́ jáde. Nígbà tí ọmọ bá bojú wẹ̀yìn tí kò rí i, á figbe ta. Olùtọ́jú á ní kó panu mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọlọ́pàá á wá gbé e. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ara rẹ̀ ti mọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀rù pa lẹ́nu mọ́ kò tíì rí ìtùnú. Ohun tó kọ́ ni pé ẹkún òun kò já mọ́ nǹkan, àti pé ẹni tó fẹ́ràn òun lè pòórá nígbàkigbà.

Nígbà mìíràn, ọ̀ràn náà máa ń ju ìdẹ́rùbà lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, fídíò olùkọ́ kan ní Ìkòròdú, tó ń gbá ọmọ ọdún mẹ́ta létí lemọ́lemọ́ nítorí nọ́ńbà tí kò lè kọ, tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́, yàrá mélòó ni kámẹ́rà ń wọ̀?

Òfin kò dákẹ́ lórí èyí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 kò fàyè gba ìpalára sí ara ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò fàyè gba ìpalára sí ọpọlọ àti ọkàn rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2007. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó sì mọ iye tí àìbójútó ń náni: ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2019, ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà lára àwọn tó kú. Kò sẹ́ni tí yóò jiyàn mọ́ pé ó yẹ kí a yẹ ògiri wò. Ẹni tí yóò wà pẹ̀lú ọmọ láàrin ògiri náà ńkọ́? Ta ló ń yẹ tirẹ̀ wò?

Àwọn kan á ní àkẹ́jù ni, pé ọmọ tí à ń gbé ní gbogbo ìgbà tó bá ń sunkún yóò bàjẹ́. Mary Ainsworth, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọmọdé, wo àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ wọn ní abúlé Uganda ní ọdún 1954 sí 1955, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1967. Ohun tó rí yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù yẹn. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ń láyà láti rá kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó lọ wo ayé, kó sì padà wá. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, tó ń fi oríkì àti orin rẹ ọmọ lẹ́kún, tó sì ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi òsì fà á mọ́ra.

Iṣẹ́ náà kò nílò owó ńlá. Kí ìyá dágbére lójúkojú, kó sọ ìgbà tí yóò dé lọ́nà tí ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n: “Bí o bá jẹun ọ̀sán, tí o sùn tí o jí, màá dé.” Kó sì dé lóòótọ́. Kí ojú kan náà máa gba ọmọ náà lójoojúmọ́. Kí olùtọ́jú bá ọmọ sọ ohun tó ń ṣe é: “Inú ń bí ọ torí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ, bẹ̀ ẹ́ kó fún ọ, má bù ú jẹ.” Báyìí ni ọmọ ṣe ń kọ́ láti kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n kó ogún ọmọ lé lọ́wọ́, tí owó oṣù rẹ̀ kò tó wọkọ̀, kò lè rẹ ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Kí àwọn tó ni ilé ìtọ́jú ọmọ fi olùtọ́jú kún olùtọ́jú, kí wọ́n sì sanwó tó nítumọ̀. Kí ìjọba tó ń fún wọn níwèé àṣẹ máa béèrè ẹ̀kọ́ tí olùtọ́jú gbà, bó ṣe ń béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà.

Àwọn òbí pẹ̀lú ní ìbéèrè tiwọn láti yí padà. Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n bá lọ mú ọmọ, “Kí ló kọ́ lónìí?” ni wọ́n máa ń bi olùtọ́jú. Kí wọ́n fi èyí kún un: “Ṣé ó sunkún, ta ló sì rẹ̀ ẹ́?”