Áńtẹ́nà Inú Ilé Kì í Ṣe Àmì Òṣì

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ni ojú máa ń tì bí àlejò bá wọlé tí ó sì bá áńtẹ́nà oníwo méjì lórí tẹlifíṣàn bàbá wọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ a máa sáré fi kọ́tìnnì bò ó. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tí ń ta àwòrán olówó-oṣù ti fi yé wọn pé òtòṣì ni ẹni tí kò bá ní díìṣì lórí òrùlé àti dẹkódà nínú pálọ̀. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ náà sì ti pẹ́ nílẹ̀ débi pé àwọn tí ó ń pa lára gan-an ni wọ́n ń gbè é lẹ́yìn.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé: ta ni ó ni afẹ́fẹ́? Ìgbì tí ó gbé àwòrán wá ti wọ inú yàrá kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun. Ó ń gba ara ògiri kọjá, ó ń gba ara ibùsùn àti ara ènìyàn kọjá, ní ilé olówó àti ní ilé tálákà, gẹ́gẹ́ bí òjò tí Ọlọ́hun ń rọ̀ kò ti í yan òrùlé. Iṣẹ́ áńtẹ́nà kò ju kí ó gbá ohun tí ó ti wà nínú yàrá náà mú lọ. Ẹni tí ó ń lò ó kò jalè, nítorí pé ilé iṣẹ́ tí ó fọ́n àwòrán náà ká fọ́n ọn ká kí wọ́n lè rí i ni. Kò sì ṣagbe, nítorí pé owó tí wọ́n fi ń gbé e jáde, láti inú àpò ìjọba ni tàbí láti ọwọ́ àwọn tí ń polówó ọjà. Owó ìjọba, owó ará ìlú ni. Owó ìpolówó, orí ọṣẹ àti mílíìkì tí ará ìlú ń rà ni wọ́n ti ń rí i padà. Ẹni tí ó ń wò ó ní ọ̀fẹ́ ti san tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tíì yé ẹnì kan, kí ó wo bí tẹlifíṣàn ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1953, nígbà tí aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ lórí òmìnira Nàìjíríà, Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì fi ẹ̀sùn kan àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè ààyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò fún un. Ohun tí àwọn ènìyàn náà rí kọ́ nínú ìwọ̀sí yìí ni pé ẹni tí kò ní ẹnu nínú afẹ́fẹ́, ẹlòmíràn ni yóò máa ròyìn rẹ̀ fún ayé. Nígbà tí òfin ọdún 1954 sì gba àwọn ìjọba ẹkùn láàyè láti ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò fi falẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira rárá.

Áńtẹ́nà ni àwọn ènìyàn fi wò ó. Òun náà ni wọ́n fi wo Moses Ọláìyá àti àwọn Aláwàdà rẹ̀. Òun ni àwọn tí ó dàgbà lẹ́yìn wọn fi wo Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí, nígbà tí ọmọdé àti àgbà máa ń kún pálọ̀ aládùúgbò, tí àwọn mìíràn á tún dúró lójú fèrèsé. Ẹni tí ó ni tẹlifíṣàn lè lé wọn jáde bí inú bá bí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni láti òkèèrè tí ó lè pa àwòrán mọ́ wọn lójú nítorí pé oṣù ti parí. Àwọn ológun kó àwọn ilé iṣẹ́ náà sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fi òfin ọdún 1977 sọ wọ́n di NTA. Àwọn ìpínlẹ̀ tún dá tiwọn sílẹ̀, Èkó ní ọdún 1980. Òfin ọdún 1992 sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn aládàáni. Nínú gbogbo àyípadà yìí, irin kan náà ni ó ń bẹ lórí tẹlifíṣàn. Ṣé gbogbo àwọn tí ó lò ó nígbà náà ni òtòṣì?

Ní ti owó, ẹni tí ó bá ń san ẹgbẹ̀rún 5 náírà lóṣù ti san ẹgbẹ̀rún 60 kí ọdún tó yí po. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń san irú owó bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń ti iléèwé bọ̀ wálé nítorí owó ìwé. Ìwà ìnákúnàá ni èyí, ẹ̀sìn sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ tó. Èyí tí ó tún burú ni pé dẹkódà a máa ka ọjọ́ bí iná bá wà àti bí kò bá sí. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù, ọ̀sẹ̀ méjì náà ti jóná nínú owó tí olówó san. Áńtẹ́nà kò mọ ọjọ́ tí oṣù parí. Ìgbàkígbà tí iná bá dé, àwòrán ń bẹ.

Ohun kan sì wà tí àwọn tí ojú ń tì kò mọ̀. Láti ọdún 2010 ni àwọn ilé iṣẹ́ olówó-oṣù kan ní Nàìjíríà ti ń gba orí ilẹ̀ fi àwòrán dígítà ránṣẹ́, láìlo díìṣì. Kí ni ó ń gbá àwòrán náà mú fún dẹkódà wọn? Áńtẹ́nà ni! Ẹni tí ó ju ti bàbá rẹ̀ sẹ́yìn ilé ti lọ fi owó ra òmíràn, ó tún ń san owó oṣù lé e lórí.

Wọ́n á ní bọ́ọ̀lù ńkọ́? Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù kò sí lórí ìkànnì ọ̀fẹ́, kò sì sí ìdí láti purọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe aláìwò ó, kí ó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni òun ń fi owó rà, kí ó má pè é ní ọ̀làjú.

Àwọn arákùnrin mìíràn gba ọ̀nà mìíràn wá: wọ́n ní tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ ni ìparun, nítorí náà kí áńtẹ́nà àti díìṣì jọ wọnú àkìtàn. Ẹni tí ó bá lè gbé ilé rẹ̀ láìsí i, kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ó ti wà, èwo ni òbí lè ṣọ́? Ìkànnì díẹ̀ ni áńtẹ́nà ń mú, bàbá sì lè mọ gbogbo wọn ní orúkọ. Ìkànnì bí ọgọ́rùn-ún ni díìṣì ń dà sílẹ̀, ọmọ sì mọ ibi tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Lórí àwọn ìkànnì ìpínlẹ̀ yìí náà ni àwọn ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ kò gbé dé mọ́sálásí mọ́ ti ń gbọ́ tafusíru ní oṣù Ramadan.

Ẹ̀sùn tí ó ní òótọ́ díẹ̀ nínú ni pé áńtẹ́nà inú ilé kì í mú dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ ni kò gbé e síbi tí ó yẹ. Ó ti í sẹ́yìn tẹlifíṣàn, sí ìsàlẹ̀ páànù, sí ẹ̀gbẹ́ irin fèrèsé, ó wá ń bú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Irin a máa dá ìgbì padà. Páànù orí ilé pàápàá, ọ̀tá rẹ̀ ni. Kí ó gbé e sí ojú fèrèsé tí ó kọjú sí ibi tí òpó ilé iṣẹ́ náà wà, kí ó gbé e ga, kí ó sì jìnnà sí irin. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sàn ju ìsàlẹ̀ lọ. Àṣìṣe kejì ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a fa ìwo méjèèjì gùn tán, wọ́n rò pé bí ó bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe mú tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fún àwọn ìkànnì VHF, kí ìwo kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 sí 40. Fún àwọn ti UHF, tí ìgbì wọn kúrú, sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15 ti tó. Bí òpó bá jìnnà púpọ̀, tàbí tí òkè dí i lọ́nà, ti inú ilé kò lè tó, òpó ìta ni yóò gbà.

Kí àwọn ọ̀dọ́ sì ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta ohun tí wọ́n ń pè ní “áńtẹ́nà dígítà” ní ìlọ́po owó. Irin kò mọ èyí tí ó jẹ́ dígítà yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Tẹlifíṣàn tàbí àpótí tí wọ́n so mọ́ ọn ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń fún ìgbì lágbára pẹ̀lú, ariwo àti ìgbì ni ó jọ ń sọ di ńlá. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ti àtijọ́ lè máa ṣe wíríwírí kí ènìyàn sì máa wò ó lọ, ṣùgbọ́n ti dígítà, bí kò bá mọ́ kedere, yóò máa já tàbí kí ó lọ pátápátá.

Ibi tí ẹjọ́ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní Geneva ní ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn lórí bí wọn yóò ṣe kúrò lórí ọ̀nà àtijọ́, wọ́n sì fi ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015 ṣe gbèǹdéke. Nàìjíríà kọ́kọ́ dá ọdún 2012 fún ara rẹ̀, ó kọjá. Ó dá ọdún 2015, ó kọjá. Ó dá ọdún 2017, òun náà kọjá. Jos ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ó kan Abuja lọ́dún kan náà, ó kan Ìlọrin àti Kaduna ní ọdún 2017, ó kan Enugu àti Òṣogbo ní ọdún 2018. Ọdún 2021 ni ó tó kan Èkó. Ìbàdàn, tí àwòrán ti kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1959, kò sí nínú wọn! Ní gbogbo àkókò tí ti ọ̀fẹ́ ń fà nílẹ̀ yìí, àwọn olówó-oṣù kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n má sì sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, wọ́n pa ọ̀nà àtijọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ńlá ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2009. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pa á, ìjọba ti pín ìwé ẹ̀dínwó fún àwọn tí ó béèrè, méjì fún ilé kan, ogójì dọ́là ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti fi ra àpótí tí yóò jẹ́ kí tẹlifíṣàn àtijọ́ máa gba àwòrán dígítà. Ìjọba tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀ kò sọ fún arúgbó pé kí ó lọ máa san owó oṣù.

Ọ̀dọ́ mọ́sálásí tí ó bá fẹ́ ṣe nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ yìí lè fi ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lọ sí ilé àwọn arúgbó àdúgbò rẹ̀, kí ó tún áńtẹ́nà wọn gbé kalẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí tẹlifíṣàn tún àwọn ìkànnì wá. Kí ó sì tún kọ ìwé sí ẹni tí ń ṣojú àdúgbò náà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ó bi í ní ọjọ́ tí àpótí ọ̀fẹ́ yóò dé àti ilé tí yóò kọ́kọ́ dé. Bí wọn yóò bá pa ọ̀nà àtijọ́ ní ìlú kan, àpótí náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú ilé opó àti ilé arúgbó ìlú náà kí ọwọ́ wọn tó kan bọ́tìnnì.