Ìrọ̀rùn Níbi Iṣẹ́: Ẹ̀tọ́ Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Ní Jos níbí, ọyẹ́ kì í ṣeré. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹja yìnyín. Òun ló ń wọ cold room lọ gbé páálí ẹja. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì la gbé e dé ọsibítù nítorí ríro egungun. Ohun tó fẹ́ kò ju kí wọ́n gbé e sídìí owó gbígbà lọ. Kò sọ ọ́. Ibà ló ń pè é fún ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí àìwásíṣẹ́ pọ̀ jù, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Àwọn àgbà wa lọ bẹ ọ̀gá. Ó ní, "Ká ní ó sọ fún mi ni, ǹ bá gbé e síbòmíràn. Sai hakuri." Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, a ò ní ìwé kankan tá a lè fi bá a jiyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa yẹ òfin wò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka fífi àìlera yan èèyàn sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí àkàndá ẹ̀dá jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn. Ilé iṣẹ́ tó bá fi àìlera du èèyàn níṣẹ́ lè sanwó fún ẹni náà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé afọ́jú, adití àti arọ nìkan ló wà fún. Rárá o. Ó tún kan àìlera tó pẹ́ lára, tó ń sọ gígun àtẹ̀gùn, gbígbé ẹrù tàbí iṣẹ́ òòjọ́ di ìnira, bí èèyàn bá ti gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé òfin ò lè to gbogbo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ: àga fún ẹni tí kò lè dúró pẹ́, ìsàlẹ̀ ilé fún tíṣà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Àmọ́ àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ní 2010 sọ ọ́ gbangba pé kíkọ àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu, tí kò ni ọ̀gá lára jù, ìyàsọ́tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ò lè tún ohun tí kò mọ̀ ṣe.

Àwa tá a wà lẹ́yìn odi ní ìṣòro tiwa. A máa ń ní àlejò ni wá, ká má pariwo. Bí nǹkan bá bàjẹ́ tán, a ó rán bàbá tàbí pásítọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ dára, àmọ́ èyí tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti lé èèyàn kì í sábà ràn án.

Ẹ kọ ọ́ síwèé kí ara tó kọ̀. Ẹ sọ apá iṣẹ́ tó ń ni yín lára, ẹ sọ ohun kan pàtó tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi oṣù kan dán an wò. Ẹ so ìwé dókítà mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àkàndá ẹ̀dá wà l'Ábújá, Ìpínlẹ̀ Plateau náà ní tirẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ lè bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ.

Àwa oníṣòwò ńkọ́? Ọ̀gá làwa náà. Mélòó nínú wa ló ti bi ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kí ló ń ni ọ́ lára? Àpótí ìjókòó kan ò lè ba ọjà jẹ́.

Ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀. Ẹni tí òtútù ń dà láàmú nínú ẹgbẹ́ wa, kó kọ ìwé rẹ̀ báyìí.